Ṣòkòtò Atukọ̀ Lára Ajalèlókun: Iṣẹ́ Tó Délẹ̀ fún Aránṣọ Banigbé

       

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ ṣe eré orí ìtàgé nípa àwọn ajalèlókun tó da etí òkun wa láàmú ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n gbé àwòrán lọ sí ìsọ̀ aránṣọ lórí fóònù: ìwérí dúdú, yẹtí ní etí kan, ọ̀já pupa gbọọrọ nídìí, ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ya wálawàla. Àwọn ọ̀gá aránṣọ wò ó títí, wọ́n wá béèrè pé, ṣé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn náà ṣe múra lóòótọ́? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn, òun ni wọ́n sì ní kí n wá dáhùn níwájú yín lónìí.

Ìdáhùn mi ni pé rárá, wọn kò múra bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n wọ̀ gan-an rọrùn fún aránṣọ Banigbé ju èyí tó wà nínú àwòrán lọ, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Mo sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a má rán ayédèrú, nítorí ìtàn tí àwọn ọmọ wa fẹ́ fi ṣeré yìí kan àwọn ènìyàn tiwa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ouidah

Ouidah, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Glexwe, kò jìnnà sí wa. Mọ́tò tó bá kúrò ní Banigbé láàárọ̀ kùtù, tó gba Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kútọnu kọjá, á ti débẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ní 1722, ìlú náà kò tíì bọ́ sọ́wọ́ Dahomey. Ọba àwọn Hueda tó jókòó ní Savi ló ni í, títí Agaja, ọba Dahomey, fi wá ṣẹ́gun ibẹ̀ ní 1727. Èbúté tí ọkọ̀ lè sún mọ́ kò sí níbẹ̀. Ọkọ̀ òyìnbó máa ń dúró sójú agbami, nítorí ìgbì tó ń fọ́ létí iyanrìn le púpọ̀. Àwọn atukọ̀ ọ̀pẹẹrẹ tí wọ́n gbà wá láti etí òkun Gáná òde òní ló ń fi ọkọ̀ kékeré kó ènìyàn àti ẹrù la ìgbì náà kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ eré, ẹ fi èyí sọ́kàn: atukọ̀ òyìnbó kì í sáré wọ ìlú bó ṣe wù ú. Ojú omi ni ó máa ń wà, nínú òógùn àti òórùn ọkọ̀ akẹ́rú.

Ní oṣù kìíní ọdún 1722, ọkọ̀ 11 ló ń dúró níbẹ̀ nígbà tí ajalèlókun Bartholomew Roberts yọ sí wọn. Ọmọ ilẹ̀ Wales ni. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rú kan tó ń jẹ́ Princess ni tẹ́lẹ̀, kí àwọn ajalèlókun tó mú ọkọ̀ náà ní Anomabu ní 1719, tí òun náà fi di ara wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi í jẹ ọ̀gá. Ní Ouidah, ó bu owó ìràpadà lé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, wúrà lẹ́búlẹ́bú tó wọn pọ́n-ùn 8. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ san án, àfi ẹnì kan. Ọ̀gá ọkọ̀ tó ń jẹ́ Porcupine kọ̀, kò san. Roberts rán àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n kó àwọn ẹrú jáde nínú rẹ̀, kí wọ́n sì dáná sun ún. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n rí i pé títú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ máa pẹ́ jù. Wọ́n ti iná bọ ọkọ̀ náà pẹ̀lú 80 ènìyàn nínú rẹ̀, ní dídè méjì méjì. Àwọn tó bẹ́ sómi kúrò nínú iná, ẹja àkurakùdá ló fà wọ́n ya.

Ìwé kan tó jáde ní London ní 1724, tí orúkọ Captain Charles Johnson wà lára rẹ̀, ló ròyìn èyí. Ó kọ orúkọ ọ̀gá ọkọ̀. Ó kọ orúkọ ajalèlókun. Nínú àwọn 80 yẹn, kò dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ara àwọn tí wọ́n ń kó ní ilẹ̀ wa yìí ni wọ́n.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Swallow, tí Chaloner Ogle jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ká Roberts mọ́ Cape Lopez ní ilẹ̀ Gabon. Ìbọn àgbá pa á. Ìwé kan náà sọ ohun tó wọ̀ kú: ẹ̀wù péńpé àti ṣòkòtò aṣọ dámáàsì pupa fòò, ìyẹ́ pupa lára fìlà, ẹ̀wọ̀n wúrà tó ní àgbélébùú dáyámọ́ǹdì lọ́rùn. Wọ́n kó àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí Cape Coast, wọ́n dá wọn lẹ́jọ́, wọ́n so 52 kọ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bá nínú ọkọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ rí ìdájọ́ yẹn gbà. Ńṣe ni wọ́n tà wọ́n.

Kò sí ohun tó ń jẹ́ ṣòkòtò ajalèlókun

Ẹ̀yin ọ̀gá aránṣọ, ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹ má wá ṣòkòtò ajalèlókun kiri, nítorí kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ajalèlókun kò ní aránṣọ tirẹ̀. Atukọ̀ ni. Aṣọ atukọ̀ ló wà lára rẹ̀ kí ó tó jalè, òun náà ló wà lára rẹ̀ lẹ́yìn tó jalè tán, àfi èyí tó bá jí kún un. Ọ̀gá bíi Roberts lè fi dámáàsì gbéra ga, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé e jẹ́ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rú rí. Ṣòkòtò tí irú wọn fi de ènìyàn mọ́lẹ̀ lánàá náà ni wọ́n fi ń jalè lónìí. Bí a bá wọ ọmọ wa láṣọ aláràbarà inú fíìmù, akọni ni òǹwòran máa rí. Bí a bá wọ̀ ọ́ ní ṣòkòtò atukọ̀ tó ti dọ̀tí, tí wọ́n sì ti lẹ̀ káàkiri, òǹwòran á rí òṣìṣẹ́ tó kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tó sì wá di olè àti apànìyàn. Àwọn àgbà ti sọ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀.

Èyí tó wà lórí fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Howard Pyle, tí wọ́n bí ní 1853, tó kú ní 1911, ló dá púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ó mú ọ̀já, ìwérí àti yẹtí lára aṣọ àwọn ará Sípéènì, ó fi wọ àwọn ajalèlókun inú ìwé. Àwọn tó ń ṣe fíìmù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ dára gan-an, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó lé ní 150 ọdún tí Roberts ti kú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n.

Bí ṣòkòtò náà ṣe rí

Báwo la ṣe mọ bí èyí tòótọ́ ṣe rí? Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Títí di 1857, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fi aṣọ kan náà lélẹ̀ fún atukọ̀ lásán inú ọkọ̀ ogun rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kó aṣọ rírán sínú ọkọ̀ fún títà fún wọn. Àdéhùn ti ọdún 1706 wà títí di òní, ó sì ka aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan fún aránṣọ tó gba iṣẹ́. Ó ní ṣòkòtò kan jẹ́ aṣọ irun àgùntàn pupa tó ki, kí aṣọ ọ̀gbọ̀ wà nínú rẹ̀ bí ìtẹ́nú, kí ó ní àpò awọ 3 àti bọ́tìnnì irin funfun 13, kí wọ́n fi òwú funfun ká ihò bọ́tìnnì rẹ̀. Iye rẹ̀ jẹ́ ṣílè 5 àti sísì. Òmíràn tún wà tó jẹ́ onílà, tó wọ́n tó nǹkan bí ìlọ́po méjì èyí. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́: ẹni tó kọ ìwé yẹn ka bọ́tìnnì, ó sì sọ àwọ̀ òwú. Bí ọ̀gá yín bá ń yọ yín lẹ́nu lórí ihò bọ́tìnnì, ẹ má bínú sí i.

Ní London, wọ́n tọ́jú ẹ̀wù àti ṣòkòtò atukọ̀ kan tó ti lé ní 300 ọdún. Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni, ó fẹ̀, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ káàkiri. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lónìí, nítorí tálákà máa ń wọ tirẹ̀ títí á fi di akísà ni. Ọkọ̀ kan tún wà tí wọ́n fi orúkọ Ouidah sọ, Whydah Gally. Ọkọ̀ akẹ́rú ni. Ajalèlókun kan tó ń jẹ́ Sam Bellamy gbà á lójú òkun ní 1717, ìjì sì fọ́ ọ ní etí Cape Cod ní Amẹ́ríkà lóṣù kẹrin ọdún náà. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Barry Clifford ló rí àfọ́kù rẹ̀ ní 1984. Lára ohun tí wọ́n yọ níbẹ̀ ni agogo tí orúkọ ọkọ̀ náà àti ọdún 1716 wà lára rẹ̀, bàtà kan, àti ìbọ̀sẹ̀ ṣẹ́dà. Ẹ rí i pé orúkọ ìlú tó wà nítòsí wa ni wọ́n gbẹ́ sára agogo náà.

Irú ṣòkòtò méjì ni atukọ̀ ń wọ̀. Ọ̀kan fún mọ́ itan díẹ̀, ó parí sí abẹ́ orúnkún, ó sì ní ìgbànú kékeré níbẹ̀ tí wọ́n ń fi bọ́tìnnì dè. Ìbọ̀sẹ̀ ló ń bo ojúgun lábẹ́ rẹ̀. Ìkejì ni mo fẹ́ kí ẹ rán. Ó fẹ̀ gbàgẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó gùn kọjá orúnkún díẹ̀ tàbí kí ó dé àárín ojúgun. Kánfáàsì tàbí aṣọ ọ̀gbọ̀ ni wọ́n fi ń rán an. Wọ́n lè wọ̀ ọ́ lé ti àkọ́kọ́ kí ọ̀dà má bàa ba èyí tó wà lábẹ́ jẹ́, wọ́n sì lè wọ òun nìkan. Iṣẹ́ ló fà á tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gun okùn òpó ọkọ̀ nínú afẹ́fẹ́ kò fẹ́ ohun tó máa há orúnkún rẹ̀, kò sì fẹ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò gígùn tí okùn máa fi mú un. Ẹni tó ń bẹ nínú omi àti ooru fẹ́ aṣọ tó tètè ń gbẹ.

Ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n

Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ti rán kẹ̀ǹbẹ̀ rí, ẹ ti rán èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ìdí kẹ̀ǹbẹ̀ fẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, kò sì gùn. Ẹ dín ìdí rẹ̀ kù, ẹ má fi iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ kankan sí i, ẹ yọ okùn ìbàdí kúrò, ẹ fi ìgbànú tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yìn ni kí ẹ fa aṣọ jọ sí jùlọ, kí iwájú tẹ́jú. Ẹ la ìgbànú náà lẹ́yìn, ẹ lu ihò méjì tàbí mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ fi okùn tín-ínrín dè é. Báyìí ni ṣòkòtò kan ṣe ń bá ẹni tó sanra àti ẹni tó tín-ínrín mu, èyí sì máa wúlò fún ilé-ìwé tó máa lo aṣọ kan fún ọmọ púpọ̀ lọ́dọọdún. Iwájú ni ojú ṣòkòtò wà. Bọ́tìnnì méjì lórí ìgbànú, méjì tàbí mẹ́ta nísàlẹ̀ rẹ̀, ó tó. Ẹ ká etí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi síìpù sí i, ẹ má fi rọ́bà sí ìbàdí. Ní ayé Roberts, kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Nípa aṣọ, òwú ni kí ẹ lò. Orílẹ̀-èdè wa, Benin, wà lára àwọn tó ń gbin òwú jùlọ ní Áfíríkà, ìtìjú ni kí a máa ra aṣọ dídán tí wọ́n fi ike hun láti fi rán ṣòkòtò atukọ̀. Aṣọ òwú tó ki, tí a kò pa láró, ló sún mọ́ kánfáàsì jùlọ. Aṣọ onílà tí wọ́n fi ń bo tìmùtìmù dára pẹ̀lú, atukọ̀ wọ irú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ búlúù, aró ẹlú wà nílé wa. Bí ẹ bá fẹ́ pupa, kí ó jẹ́ pupa tó ti ṣá. Ẹ fọ aṣọ náà dáadáa kí ẹ tó gé e, kí ó lè súnkì tán, kí ó sì pàdánù dídán rẹ̀.

Ẹni tí kò lówó aṣọ tuntun lè lọ sí Missèbo ní Kútọnu, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ àlòkù. Kí ó má béèrè aṣọ ajalèlókun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ó wá ṣòkòtò ńlá tàbí síkẹ́ẹ̀tì ńlá tí wọ́n fi ọ̀gbọ̀ tàbí òwú tó ki rán. Kí ó tú síìpù rẹ̀, kí ó gé e sí abẹ́ orúnkún, kí ó yọ àpò ẹ̀gbẹ́ itan àti ìwé orúkọ ilé iṣẹ́, kí ó wá gbé e fún aránṣọ láti fi ìgbànú sí i. Síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ dáadáa máa ń di ṣòkòtò tó dára gan-an, nítorí pé aṣọ tó wà nínú rẹ̀ pọ̀.

Ẹ má fi maṣíìnì rán ibi tí ojú máa rí. Ẹ fi í rán inú, kí iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ọwọ́ rán etí ẹsẹ̀, ìgbànú àti ihò bọ́tìnnì. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni aṣọ eré ti máa ń tú àṣírí ara rẹ̀. Láyé yẹn, kò sí ohun tó ń jẹ́ maṣíìnì ìránṣọ. Ọwọ́ atukọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń tún aṣọ rẹ̀ ṣe, abẹ́rẹ́ sì wà nínú àpótí rẹ̀. Fún ìdí èyí, ẹ lẹ ṣòkòtò náà. Ẹ fi aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ lẹ orúnkún àti ìdí, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ̀ ọ́ ṣeré, kí wọ́n fi jókòó sílẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n tún wọ̀ ọ́, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ọjọ́ eré tó kò. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní akísà bí àgbà. Akísà kì í ṣe ohun tí a ń rà.

Àwọn ìyókù lórí ìtàgé

Àwa tó ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde mọ ohun tí aṣọ lè ṣe. Láti ibí títí dé Ṣakẹ́tẹ́ àti Kétu, ẹni tó bá fẹ́ jó kò ní kàn da aṣọ tó bá rí bora lásán. Bó bá jẹ́ obìnrin ló fẹ́ fi hàn, á jẹ́ kí gèlè, ìró àti ọmú pé. Bó bá jẹ́ àjèjì, á jẹ́ kí àwọn ènìyàn dá àjèjì náà mọ̀ láti òkèèrè. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ó wà lára ohun ìní gbogbo ayé. Àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́, àtọmọdọ́mọ àwọn tó ti Brazil padà wá, náà ń fi aṣọ òyìnbó rán aṣọ eré Bouriyan wọn láti ìran dé ìran. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bíbọ́sí inú aṣọ ẹlòmíràn jẹ́ ohun tí a ní láti lọ kọ́ nínú fíìmù.

Ó wá ku àwọn 80 inú Porcupine. Mo ti gbọ́ pé nínú eré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ, wọn kò yọ lórí ìtàgé rárá. Ẹnì kan ló kàn mẹ́nu bà wọ́n. Mo bẹ̀ yín, ẹ mú wọn wọlé. Kò pọn dandan kí wọ́n pé 80. Aṣọ tiwọn ni kó kéré jù nínú gbogbo aṣọ eré náà: pélébé aṣọ òwú kan nídìí, tí a kò ká etí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró ní ẹ̀gbẹ́ atukọ̀ tó wọ ṣòkòtò olówó ṣílè 5 àti sísì, kí òǹwòran wò wọ́n papọ̀. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ aránṣọ máa ti sọ ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè sọ tán. Kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ má sì wọ dámáàsì pupa àfi ẹni tó bá ṣe Roberts, ní ọjọ́ ikú rẹ̀ nìkan.

  Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kọ eré náà, mo yìn yín. Ẹ tún un kọ díẹ̀.

Mo ti gé ṣòkòtò náà sórí bébà ní ìwọ̀n mẹ́ta, ti ọmọdé, ti ọ̀dọ́ àti ti àgbà, mo sì ti gbé e lé àwọn alága ẹgbẹ́ aránṣọ lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ ẹ̀dà kan, kí ó mú bébà tirẹ̀ wá, kí ó wò ó gé.